Ẹnìkejì Mi Nínú Yàrá Ẹ̀tù

Ẹ má yọ ṣùtì sí mi o. Mo mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ẹ̀tù ni mò ń kì sínú ọta ńlá nílé iṣẹ́ ohun ìjà, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé òun ò mọ ibi tí ọta ń lọ, irọ́ ló ń pa. Ìgbà tí ọkọ mi kú ni mo gba iṣẹ́ náà. Ọmọbìnrin mi wà nílé ìwé, àánú ò sì lè san owó ilé ìwé ẹ̀.

Òfin kan wà níbẹ̀: ẹnìkan kì í dá wọ yàrá ẹ̀tù. Méjì méjì la máa ń wọlé, ògiri á sì wà láàárín wa. Bí o bá ki ọta kan tán, ẹnìkejì rẹ á ké sí ọ pé, "Ṣé o wà?" Àfi kí o dáhùn kí o tó fọwọ́ kan òmíràn. Aláròyé là ń pe ẹnìkejì tèmi. Oòrùn ràn, á ráhùn. Òjò rọ̀, á ráhùn. "Ẹnìkan kì í jẹ́ àwa dé," ló máa ń wí, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú orúnkún ẹ̀.

Ọmọ mi wá di nọ́ọ̀sì, àwọn tí ogun gé lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá bá a. Kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Màámi, ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, àbí kí ẹ gbàgbé pé ẹ ní ọmọ-ọmọ."

Háà! Mo fi í sílẹ̀ kíá. Òun àti ọmọ ẹ̀ wá kí mi, ọmọ-ọmọ mi jókòó sórí ẹsẹ̀ mi, ó ń fa gèlè mi, inú mi dùn gan-an. Wọ́n lọ. Bí mo bá pe ọmọ mi, á ní, "Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, Màámi, màá pè yín padà." Kò ráyè. N ò bá a wí, iṣẹ́ ẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ilé pa lọ́lọ́.

Lọ́jọ́ kan, mo fọ abọ́ kan tán, mo wá dúró, n ò fọwọ́ kan èkejì. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mò ń dúró dè. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀.

Mo padà síbi iṣẹ́. Ọmọ mi gbọ́, ó pè mí.

"Ṣé owó ni, Màámi?"

"Kì í ṣe owó."

"Kí wá ni? Ẹ sọ fún mi!"

Ṣé kí n sọ pé nítorí ẹni tó ń bi mí bóyá mo wà ni mo ṣe ń ki ẹ̀tù tó ń gé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀?

"Ẹ má pè mí mọ́," ló wí, ó sì pa fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, mo ki ọta kan tán.

"Ṣé o wà?" Aláròyé ké láti ẹ̀yìn ògiri.

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé ojú mi.

"Obìnrin yìí, orúnkún ń dùn mí o! Ṣé o wà?"

"Mo wà," mo ní, mo sì fọwọ́ kan èkejì.