Wáìnì Tó Ń Gé Ahọ́n

"Bàbá, ẹ rọra mu ún o," ni Adéníran ń wí bó ṣe ń bu wáìnì pupa sí gíláàsì bàbá rẹ̀. "Ó máa ń gé èèyàn láhọ́n. Ohun tí orúkọ àjàrà tí wọ́n fi ṣe é túmọ̀ sí lọ́hùn-ún nìyẹn, Tazzelenghe. Ó ti ṣọ̀wọ́n, àwọn tó ń gbìn ín ní Ítálì ò pọ̀ mọ́. Wáìnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ pẹ́ kó tó rọ̀, síbẹ̀ kíkan rẹ̀ kì í tán."

Motọ́lání, ìyàwó Gbádé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Àyà rẹ̀ já.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Surulere níbí ni Adéníran gbé ìgò náà sí nígbà tó dé láti Ítálì. Láàárọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ láago láti Yaba pé kó bá òun ṣí i, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Motọ́lání ṣí i, ó tọ́ ọ wò, ó sì tu ú dànù. Wáìnì tí òun mọ̀, dídùn ni. Ó gbà pé ooru ọ̀nà ti bà á jẹ́. Bàbá sì rèé, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, kì í dárúkọ Adéníran ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tó ti fi yunifásítì sílẹ̀ lọ ń ká àjàrà lóko olóko. Tó bá wá gbé ọtí kíkan fún un ńkọ́? Motọ́lání bá da gbogbo rẹ̀ sí síńkì, ó ra wáìnì aládùn ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, ó rọ ọ́ sínú ìgò náà. Oore ló pè é. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́.

Bàbá tọ́ ọ wò. "Ó mà dùn! Níbo ló ti ń géni láhọ́n?"

Adéníran náà mu tirẹ̀. Ó wo ìgò, ó wo Motọ́lání.

"Ó ti rọ̀ ni, sà," ló wí. "Ó ti pẹ́."

Ìtìjú bo Motọ́lání. Ẹni tí òun da làálàá rẹ̀ nù ló tún ń bo òun láṣìírí.

"O ṣeun," ni Bàbá wí, ó na gíláàsì rẹ̀. "Bù sí i."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún mọ́." Motọ́lání ti kúnlẹ̀. "Kì í ṣe ti ọkọ mi kékeré nìyẹn. Ó kan lẹ́nu mi, mo rò pé ó ti bàjẹ́, mo dà á nù, mo lọ ra òmíràn. Ẹ má bínú, sà. Ojú ń tì mí."

"Àǹtí mi, ẹ dìde," ni Adéníran wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo mú bọ̀."

Bàbá gbé gíláàsì kalẹ̀. 

"Motọ́lání, ta ló sọ fún ọ pé mi ò lè mu ohun tó kan? Ọmọ mi ló ká a. Ǹ bá mu ún bẹ́ẹ̀."

Adéníran tẹjú mọ́lẹ̀.

"Níran, sún mọ́ mi," ni Bàbá wí. "Sọ fún mi, báwo ló ṣe ń rí lẹ́nu?"

Ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, tọwọ́tẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí Motọ́lání lórí ìkúnlẹ̀ mọ́, òun náà ò sì gbìyànjú àtidìde.