Èyí tí Michelle Kò Bá Yàn

"Yemi! The bracket is out! Which one are you giving me?"

Ohùn obìnrin náà gba gbogbo inú ọkọ̀. Fóònù Olúyẹmí so mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ náà, kò sì sí bí Àdùfẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó jókòó tì í, ṣe lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Olúyẹmí bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ tó máa ń rín nílé o. Ẹ̀rín kèékèé ni, irú èyí tí Àdùfẹ́ ti gbọ́ kẹ́yìn kí Jeremy ọmọ wọn tó lọ sí yunifásítì.

"Relax, Michelle, I'm just leaving church. We'll split them. You take one champion, I take another."

Láti Auburn Gresham tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà, ó di ìgbà tí wọ́n wọ Tinley Park tí wọ́n ń gbé kí Àdùfẹ́ tó la ẹnu.

"Ta ni Michelle?"

"Ará ọ́fíìsì wa ni. Pool basketball la ń ṣe, ká máa sọ ẹgbẹ́ tó máa borí. Ẹni tó bá gbégbá orókè ló máa ni parking spot ẹnu ọ̀nà."

"Ẹ̀yin àti òun wá ń pín nǹkan."

"Champion là ń pín, Àdùfẹ́. Kí àwa méjèèjì má bàa jọ ṣubú."

"Àwa méjèèjì" yìí ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Owú ló mú Àdùfẹ́, òun náà kò sì pè é ní orúkọ mìíràn. Kò rò pé ọkọ òun ń yan àlè. Ọkùnrin tó máa ń sùn lórí àga kó tó jẹun tán, níbo ni yóò ti rí okun àlè? Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn ún. Inú ilé òun ló yẹ kó máa rín in.

"Èmi náà fẹ́ ṣe é," ó wí bí wọ́n ti wọlé.

"Pool? Ìwọ tó o máa ń ní kí n yí channel?"

"Ṣé wọn kì í gba ìyàwó ni?"

"Wọ́n ń gbà. Ìyàwó Kelvin, ará ọ́fíìsì wa, wà níbẹ̀."

"Ẹ wá kọ́ mi nígbà náà."

Olúyẹmí gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀, ó ṣí bracket, ìyẹn àtẹ ìdíje náà. Ó ṣàlàyé pé ẹgbẹ́ ilé-ìwé gíga mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni yóò figagbága, àti pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni èèyàn ti máa sọ ẹni tí yóò na ẹni, títí dé orí ẹni tí yóò gba ife ẹ̀yẹ.

"Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń to ẹgbẹ́, one ló lágbára jù, sixteen ló kéré jù. Number one kì í sábà pàdánù fún number sixteen, má wulẹ̀ dán an wò. Àmọ́ number twelve máa ń na number five, mú ẹyọ kan níbẹ̀. Tó bá ti ń lọ sópin, tẹ̀lé àwọn alágbára, torí ibẹ̀ ni point pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n champion rẹ, má mú ẹni tí gbogbo ayé mú."

"Ta ni Michelle mú?"

"Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Devil. Èmi ni mo fún un."

"Devil! Ta ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ bá gbá?"

"Number sixteen kan báyìí."

"Sixteen na wọ́n."

Olúyẹmí di orí mú. "Àdùfẹ́, kí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ? Orúkọ lásán ni Devil!"

"Orúkọ kì í ṣe lásán. Mi ò ní fọwọ́ ara mi gbé Devil wọ final, ní orúkọ Jésù. Ó kan ẹni tó kàn."

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn, Àdùfẹ́ ń béèrè èyí tí Michelle yàn níbì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí Michelle kò bá yàn, òun ni Àdùfẹ́ ń yàn. Ó fi ilé-ìwé kan tó ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ ṣe champion, ó sì lọ sùn.

Ní ọjọ́bọ̀, ó ń jẹun ní yàrá àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Evanston nígbà tí fóònù dún.

"Coach!" Olúyẹmí ń pariwo. "Twelve rẹ wọlé! Àfi Devil nìkan ló já ẹ kulẹ̀. Ipò kẹta lo wà! Michelle wà ní kọkànlá!"

Kọkànlá yẹn dùn mọ́ Àdùfẹ́ ju ìkẹta tirẹ̀ lọ. Ó rẹ́rìn-ín, Olúyẹmí náà rẹ́rìn-ín, àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ rẹ̀ ti ń pè é lọ́sàn-án. Ó ti pẹ́ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì, ẹni mímọ́ ṣubú. Wọ́n jọ wò ó lórí àga títí eré fi parí.

"Ó tán," Olúyẹmí wí. "Tèmi náà ti lọ lánàá. Michelle nìkan ló kù. Devil ló máa gbé e dé parking spot." Ó nawọ́ mú fóònù. "Jẹ́ kí n kí i."

"Dádì Jeremy, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀."

Ó gbé e sílẹ̀.

"Mò ń jowú," Àdùfẹ́ wí. "Mi ò sọ pé ẹ ń ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rín tí ẹ̀ ń rín sí i ni mò ń jowú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì yìí ẹ rín in sí mi, ó wá dà bíi pé ó tún ti parí."

Ohùn Olúyẹmí lọ sílẹ̀.

"O máa ń ti Evanston dé, ẹ̀gbọ́n rẹ Dorothy á ti wà lórí fóònù. Tẹ́ ẹ bá fi máa sọ̀rọ̀ tán, o ti sùn. Mo rò pé ariwo mi ló sú ẹ. Mo bá ń gbé e lọ sí ọ́fíìsì."

Àdùfẹ́ fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n òótọ́ ni, ó sì dùn ún dé egungun. Ó tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n.

"Ṣé eré wà lọ́la?"

"Méjì. Àmọ́ kò sí tèmi, kò sí tìẹ níbẹ̀."

"Ti Michelle ńkọ́?"

"Kò sí tiẹ̀ náà. Àwọn Devil ti gbá tiwọn."

"Aago mélòó?"

"Èyí àkọ́kọ́, aago kan. A ò ní tíì kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn."

Àdùfẹ́, tí kì í kúrò lórí ìjókòó iwájú kí pásítọ̀ tó ṣe oore-ọ̀fẹ́, gbé ẹsẹ̀ sórí àga, ó sì fẹ̀yìn ti ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀yìn la máa jókòó sí," ó wí, "ká lè tètè yọ jáde."