Ìgbín Ọlọ́wọ́-Òsì

Ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí àpáta lẹ́yìn òjò, ìdí mi yìí, tí àga ń sá fún, sì já gbì sínú ewé jíjẹrà nínú igbó kékeré tí ọkọ mi olóògbé fi sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Bí mo ṣe ń fi ara mi rẹ́rìn-ín ni mo rí ìgbín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan mi. Tí èèyàn bá gbé ìgbín dání, tí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, tí ẹnu karahun kọjú síni, ọwọ́ ọ̀tún ni ẹnu náà máa ń wà. Ti eléyìí wà lọ́wọ́ òsì.

Mo pe Matthias tó ń ṣọ́ igbó ọba. A tú abẹ́ ewé: àgbà wọn, òsì, ọmọ wẹẹrẹ, òsì. A wá irú rẹ̀ dé oko ìlú Aládé, a wá a dé ìlú Ofosu, kò sí.

Matthias ní, "Ìyá, ibí yìí nìkan ló mọ̀ o."

Kòkó sì gbówó lórí lọ́dún yẹn. Ṣàngódèyí, àbúrò ọkọ mi, ti háyà Búrẹ́mọ̀ láti ṣán igbó náà, kó lè gbin kòkó. Ni mo bá so ìgbálẹ̀ gbígbó àti ṣúkù àgbàdo mọ́ ẹnu ọ̀nà igbó, mo pààlè sí i. Nígbà tí Búrẹ́mọ̀ dé, ó sọ àdá sílẹ̀: "Wọ́n bí mi ire. N kì í fọwọ́ kan ohun tó láàlè."

Ṣàngódèyí fúnra rẹ̀ wá. "Ìyàwó wa, ohun tẹni là á pààlè sí. Kí lo gbìn síbẹ̀?"

Ó dùn mí, torí òótọ́ ni. Ohun olóhun ni mo pààlè sí, bí olè tó ń kígbe olè! Mo bá jókòó sójú ọ̀nà.

"Ọkọ mi, ẹ má bínú. Èmi lẹ ó kọ́kọ́ ṣán."

Búrẹ́mọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, èyí ju iṣẹ́ òòjọ́ kan lọ!"

"Torí ìgbín?" ni Ṣàngódèyí wí. "Ṣé ata ló tán nílé ni?"

"Mo jẹ ìgbín jù yín lọ, ẹ ṣáà wo ara mi. Ṣùgbọ́n tí a bá pa èyí tán níbí, ibo la ó tún ti rí i?"

Kò kúrò. Bàbá mi fi kòkó sílẹ̀ fún mi ní Aládé, igi tó ń so dáadáa; òun ni mo ń jẹ, òun ni mo ń mu.

Mo ní, "Ẹ gba kòkó mi. Ẹ fún mi ní igbó yìí."

"Kòkó tó ń so?"

"Tó ń so."

Kíá ló pe Matthias àti Búrẹ́mọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, kí orí mi tó padà sípò.

Ní báyìí, ẹ̀gẹ́ ni mo ń rin, gààrí ni mo ń yan, gbogbo apá ń ro mí. Tí mo bá yà wo àwọn ìgbín mi, wọ́n á fa orí wọlé, kò sí "ẹ kú iṣẹ́." Aláìmoore gbáà! Màá tún ewé bò wọ́n, màá padà sídìí agbada.