Ìràwọ̀ Tó Bọ́ sí Òsì

Ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń kọsẹ̀, áḿbọ̀sì ọmọ ènìyàn ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n nínú ọjà wúrà Ìsítáńbùlù, gbogbo ayé gbà pé Rifat kì í kọsẹ̀. Bí a bá gbé owó wúrà àwọn ọba Róòmù àtijọ́ síwájú rẹ̀, á fi awò rẹ̀ wò ó, á ní, "Ojúlówó," tàbí, "Ayédèrú." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Nubar alágbẹ̀dẹ wúrà, kò tilẹ̀ kí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló kú?" Nubar ń da tíì sí ife. "Ojú yín rí bí ojú ológbò tí eku bù jẹ."

"Ọ̀rọ̀ owó wúrà bàbá rẹ ni mo bá wá."

"Èyí tí wọ́n fi lu bàbá mi ní jìbìtì? Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ gidi, ẹ̀gbọ́n."

Owó kan ṣoṣo yẹn ni bàbá Nubar fi sílẹ̀ fún un, títí dọ́jọ́ ikú ló sì ń fi í yangàn pé ojúlówó ni. Ọba wà lójú rẹ̀, ó gbé ọ̀kọ̀ lé èjìká. Áńgẹ́lì wà lẹ́yìn owó náà, ó di àgbélébùú gígùn mú, ìràwọ̀ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lára gbogbo irú owó bẹ́ẹ̀ tí Rifat ti rí, ọ̀tún ni ìràwọ̀ ń wà. Ti bàbá Nubar, òsì ni. Lọ́jọ́ tí Nubar gbé owó náà wá fún àyẹ̀wò, Rifat bú sẹ́rìn-ín lójú gbogbo ọjà: "Wúrà rẹ̀ dára, iṣẹ́ ara rẹ̀ ni irọ́. Ẹni tó ṣe ayédèrú yìí ò tilẹ̀ gbọ́n. Ó gbàgbé pé ohun tí a bá gbẹ́ sí ọ̀tún irin òǹtẹ̀ tí a fi ń lu owó, òsì owó ló ń bọ́ sí!"

Ìtìjú bo Nubar. Ó yọ́ owó náà, ó fi rọ ẹ̀gbà ọwọ́ fún oníbàárà kan, ó sì sọ àwòrán bàbá rẹ̀ kalẹ̀ lára ògiri. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá dárúkọ bàbá rẹ̀, á ní, "Òmùgọ̀ tí wọ́n ta ìràwọ̀ fún."

Rifat jókòó wàyí, kò fọwọ́ kan tíì.

"Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló pè mí lánàá. Wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan, wọ́n hú ìkòkò owó wúrà. Ọ̀kan wà níbẹ̀, ìràwọ̀ rẹ̀ wà lósì."

"Ṣé inú ilẹ̀ náà ni ayédèrú tún ń gbé ni?"

"Nubar, ṣé o rántí ilà tó wà lẹ́sẹ̀ áńgẹ́lì tìrẹ, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ọmọ ọwọ́? Ibi tí irin òǹtẹ̀ ti ń sán ni. Lára èyí tí wọ́n hú, ilà yẹn ti gùn dé etí owó. Irin kan náà ni. Ti bàbá rẹ ló kọ́kọ́ jáde lábẹ́ òòlù, kí irin tó sán jìnnà. Agbẹ́nà ọba fúnra rẹ̀ ló gbàgbé. Ojúlówó ni."

Nubar wo ìkòkò ìyọ́wúrà rẹ̀.

"Inú eléyìí ni mo yọ́ ọ sí. Wúrà, a-wọlẹ̀-má-dípẹtà, ẹni iná ò rí jẹ. Iná ò jẹ wúrà lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n. Ojú ọba ló jẹ. Ìyẹ́ áńgẹ́lì ló jẹ."

"Ká wá ẹni tó ra ẹ̀gbà náà lọ—"

"Ká rí i, ká ti ṣe é? Ẹ̀gbà ni."

Rifat tẹrí ba. "Ǹ bá ní mi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló wúwo lẹ́nu mi. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká tún fi ẹnu wa sin ohun tó ṣì wà láàyè."

"Àmín. Ṣùgbọ́n ẹnu tiyín ò bú bàbá mi. Tèmi ni."

Nubar fa àpótí ìsàlẹ̀ jáde, ó mú àwòrán bàbá rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nu eruku ojú rẹ̀. Ìṣó ṣì wà lára ògiri. Ó gun àga, àga ń mì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi di àga yìí mú."