Ààbò Tí Adéògún Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ

Ọdún mẹ́rin gbáko ni Adéògún fi kọ ìwé dókítà ní yunifásítì Padova nílẹ̀ Ítálì lórí ohun kan ṣoṣo: pé ọ̀rọ̀ tí aṣòfin bá sọ nílé ìgbìmọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é lẹ́jọ́ nítorí rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ Yorùbá ìlú náà ní kó bá àwọn kọ òfin ẹgbẹ́, ìyẹn ló kọ́kọ́ kọ sílẹ̀: ohun yòówù tí ọmọ ẹgbẹ́ bá sọ nípàdé, kò sí ẹ̀bi, kò sí ẹjọ́, àfi bí ilé bá dìbò bọ́ ààbò náà kúrò lára rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Òun náà pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀, ọ̀mọ̀wé tí ìwé ń pa bí ọtí.

Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ fi Màmá Ìbíwùmí jẹ alága. Màmá yìí, tó ń ta oúnjẹ nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, ló gba Adéògún sílé lóṣù mẹ́fà nígbà tí kò ní ibi tí yóò forí lé. Adéògún dìde, ó ní ẹni tí kò lè ka òfin kò lè darí ẹgbẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló rẹ́rìn-ín, òun fúnra rẹ̀ ni. Ẹyin lọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Adéògún ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé tòun kò ní fọ́.

Màmá gbé kóòtù òtútù wọn wọ̀, wọ́n jáde. Wọn ò gbé ìpè Adéògún mọ́. Ó gba ṣọ́ọ̀bù wọn lọ, ó dọ̀bálẹ̀ láàárín àpò gààrí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Kí lo ṣe? Ìwọ náà lo kọ ọ́ pé o ò lè jẹ̀bi. Ẹni tí kò jẹ̀bi, kí la fẹ́ dárí rẹ̀ jì í? Dìde, dottore, oníbàárà fẹ́ kọjá."

"Ọmọ mi" ni wọ́n máa ń pè é tẹ́lẹ̀, kì í ṣe dottore, ọ̀mọ̀wé lédè Ítálì. Ó dùn ún wọ egungun.

Nípàdé tó tẹ̀ lé e, Màmá wá jókòó sẹ́yìn. Adéògún bẹ ilé pé kí wọ́n bọ́ ààbò náà kúrò lára òun. "Òmùgọ̀ tó kàwé jù ni mí. Ẹ dá mi lẹ́bi, kí n lè ríbi bẹ̀bẹ̀."

Bọ́ládé, ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ti pe akọ̀wé ní ọ̀lẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lábẹ́ òfin yìí, fò dìde. "No o! Tá a bá bọ́ tìẹ lónìí, tèmi ńkọ́ lọ́la?"

Wọ́n dìbò. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló nà sókè pé kí wọ́n bọ́ ọ, ti Adéògún ni.

Màmá dìde, wọ́n rọra tẹríba fún un bí ẹni ń kí àlejò.

"Ẹ kú oríire, dottore."