Ìdérí Ìgò Catherine

Ọkọ mi Abdulmumin ṣì wà láyé nígbà náà. Ìyá Oyinadé tó ń gbé ní ọ̀kánkán wa ṣì wà. Catherine náà wà, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ l'Ágége, ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò wolé-wolé mú.

"Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n tú ìdérí àwọn ìgò wáìnì mi kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn. Tí mi ò bá tú u láàárọ̀, wọ́n á bẹ́."

"Kí ló máa bẹ́? Ṣé ọtí ni àbí bọ́ǹbù?" Wolé-wolé rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò fi oògùn tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́ sí i. Ẹ fẹ́ fi pa èèyàn ni."

Sànyà, àbúrò olóògbé ọkọ Catherine, fara ti ògiri pẹ̀lú pákò lẹ́nu.

Ayé ológun ni, Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, ti gbòde. Iléeṣẹ́ tí Sànyà ti ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà ti dá a dúró, wáìnì òkè òkun sì ti wọ́n bí ojú. Catherine wá ń ṣe wáìnì tirẹ̀, ó ń ra àjàrà tí àwọn Gàmbàrí ń fi reluwé kó wá láti Òkè Ọya. Bí wọn ò bá lè fọwọ́ sọ̀yà pé àgbẹ̀ kò fi fatiláísà tàbí oògùn kòkòrò sí i, kò ní rà á. Kò ní fi ṣúgà sí i, kò ní fi aró. Ó ní ohun tó ń mú un hó ti wà lára èèpo rẹ̀. Mùsùlùmí ni mí, n ò tọ́ ọ wò rí, àmọ́ òórùn rẹ̀ máa ń gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ìjọ láti Ọ̀pẹ̀bì dé Abúlé Ẹ̀gbá ló ń rà á fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa.

Èyí ni Sànyà ò lè gbé mì. Alaalẹ́ ni Catherine ń dé ìgò rẹ̀ pa nítorí kòkòrò. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á tú wọn díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú wọn lè jáde. Sànyà a dúró lójú fèrèsé, a máa wò ó.

"Ìyàwó wa, ìyá àlùfáà. Ẹ ti sọ ilé bàbá wa di ṣọ́ọ̀bù."

Òun náà po ṣúgà mọ́ aró pupa, ó gbé e lọ sí ìjọ kan. Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní ó pa ètè àlùfáà láró. Láti ọjọ́ náà ni kì í ti í dáhùn kíkí Catherine mọ́.

Lọ́jọ́ tí Catherine kúnlẹ̀ yẹn, wolé-wolé fi ágádágodo ti yàrá. Mo rí àpò ìrẹsì tí Sànyà gbé sí bùútù mọ́tò wolé-wolé.

Catherine lọ sí ọ́fíìsì wọn títí. Wọ́n ní ọ̀gá ò sí. Wọ́n ní kí ló mú wá. Ó padà wá bẹ Sànyà.

"Bọ̀dá, ẹ bá mi sọ fún wọn. Kí n ṣáà tú ìdérí yẹn."

"Kí lèmi mọ̀ nípa ìdérí? Èmi tí mi ò mọ wáìnì í ṣe."

Oòrùn mú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a gbọ́ tí ìgò kan bẹ́ nínú yàrá. Catherine fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé, mo di ìró rẹ̀ mú.

"Ìyá Shuaib, ẹ fi mí sílẹ̀. Owó iléèwé Bísí ọmọ mi ló wà níbẹ̀ yẹn."

Ó já mọ́ mi lọ́wọ́, ó wọlé, ó tú ti àkọ́kọ́. Èkejì bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìgò gé e lọ́rùn. Ọkọ mi já ilẹ̀kùn, ó gbé e sẹ́yìn, wọn ò tíì dé títì tó fi dákẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ń fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sànyà ti kó ìgò tó kù sí yàrá tirẹ̀. Mo gbójú sókè wo fèrèsé rẹ̀. Ó lóṣòó níwájú wọn, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń tú ìdérí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, bí Catherine ṣe máa ń tú u gẹ́lẹ́.