Ibi Tí Àáfà Kọjú Sí Létí Òkun

3.

…ibi tí irin náà parí sí nìyẹn. Kò síwájú mọ́, àfi omi. Ọkọ̀ tó bá débẹ̀, pípadà ló kù.

Àáfà Abdulrahman kà á lórí fóònù nílé rẹ̀ ní Gàmbàrí, n'Ílọrin, ó da fóònù dojú bolẹ̀. Ìtàn ibùdókọ̀ ojú irin létí òkun ni, níbi tí Abdulmateen ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó; ọmọ náà ló fi í ránṣẹ́ sí i. Wọ́n dárúkọ òun Àáfà náà sí i.

1. (nínú ìtàn náà)

Apẹja ló kọ́kọ́ ni ibẹ̀. Lẹ́yìn wọn, kọnkéré. Nígbà tí ibùdókọ̀ ṣí, àwọn òṣìṣẹ́ ń kírun lórí páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Wọn kò mọ ibi tí kíbílà wà, ìhà Mẹ́kà tí à ń kọjú sí kírun. Wọ́n bi Abdulmateen, ọmọ àáfà, ọmọ Ìlọrin.

2.

Ohun tí Abdulmateen mọ̀ nípa kíbílà:

nílé, ògiri yàrá Ìyá Àgbà ni.

nílé, ẹni tó bá lọ Mẹ́kà, "ó ti kọjá òkun" ni wọ́n ń wí.

Ó wo òkun. Ó nawọ́ sí i. Wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ìlà.

4.

(A ó padà síbẹ̀.)

5. ÌKÉDE

Ẹ BỌ́ BÀTÀ. Ẹ MÁ TẸ ÌLÀ FUNFUN.

6. (ojú ewé ìkẹyìn)

"Àáfà Abdulrahman láti Ìlọrin ti fúnra rẹ̀ ṣe lèmọ́mù lórí ìlà yìí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó jiyàn mọ́."

4.

Ó dáa. Ojú ló ń tini.

Nígbà kan, Àáfà lọ kí ọmọ rẹ̀ ní ibùdókọ̀, àlàásárì bá a níbẹ̀. Jámáà ní kó síwájú. Ó dúró sórí ìlà. Oòrùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ìhà ìlà oòrùn ni Mẹ́kà wà; ní àlàásárì, ẹ̀yìn ló yẹ kí oòrùn wà.

Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Abdulmateen tó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ń ṣe wòlímà àṣeparí Kùránì fún. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó kírun sí omi.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Wọn ò sọ ẹ̀sín ta ni.

7. Lórí fóònù

ABDULMATEEN: Ẹ kú ilé, Bàbá. Ṣé ẹ ti kà á?

ÀÁFÀ: Mo kà á.

ABDULMATEEN: Wọ́n fẹ́ fi táìsì rọ́pò ọ̀dà yẹn lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Wọ́n á kọ orúkọ yín sí i. Pẹ̀lú Gàmbàrí, pẹ̀lú Ìlọrin.

ÀÁFÀ: Mateen, tẹ́ ẹ bá ń kí àlàásárì, níbo ni oòrùn máa ń wà?

ABDULMATEEN: Oòrùn kẹ̀? Mi ò wò ó rí.

(Àáfà gbé fóònù sí etí kejì.)

ABDULMATEEN: Bàbá, ẹ̀yin náà ṣáà kírun níbẹ̀.

8.

"Ẹni tí ò mọ̀, Ọlọ́run á forí jì í," ni Hidayat ìyàwó Àáfà wí.

"Èmi mọ̀."

"Ẹ sọ fún un nígbà náà."

"Tí mo bá sọ, ta ni yóò tún gba ọ̀rọ̀ ilé wa gbọ́?"

"Tẹ́ ẹ ò bá sọ ńkọ́?"

9. Àwọn ọ̀rọ̀ tí Àáfà kọ sórí fóònù, tó tún pa rẹ́

Mateen, ìlà yẹn

Mateen, kì í ṣe ẹjọ́ tìrẹ

Mateen, ní kí wọ́n dúró ná

10.

Àlàásárì Ọjọ́bọ̀, ní àgbàlá. Oòrùn wà lẹ́yìn Àáfà, níbi tó yẹ. Àwọn ọmọ kéú tò sẹ́yìn rẹ̀. Fóònù ń gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Orúkọ Mateen ni yóò wà lójú fóònù náà.

Ó gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ náà dúró.

Ó bojú wẹ̀yìn. Gbogbo wọn kọjú síbi tó kọjú sí. Kò sẹ́ni tó wo oòrùn.